Kí O Tó Gbé Kọ̀nténà Wọ Oko

Ọmọ mi, wọ́n ní o ti gba ilẹ̀ lẹ́yìn Lálúpọn, pé ó ti sú ọ láti máa lọ sùn sí Ìbàdàn lálaalẹ́, àti pé kọ̀nténà lo fẹ́ sọ di ilé. Mo gbọ́ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé inú àpótí lo fẹ́ máa gbé. Èmi kò ní bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣé kì í ṣe inú kọ̀nténà ni onídìrí ti ń dirí ní Mọ́níyà, tí àwọn oní-POS ti ń kawó fún wa ní Ẹgbẹ́dá, tí oní símẹ́ńtì ń kó ọjà sí ní Akànrán? Ọjà títà sì yàtọ̀ sí oorun sísùn. Ilẹ̀ ṣú tán, onídìrí ti ìlẹ̀kùn, ó gba ilé rẹ̀ lọ.

Ẹrù ni wọ́n ṣe nǹkan yìí fún. Ní April 26, 1956, ará Amẹ́ríkà kan, Malcolm McLean, kó àpótí irin 58 sínú ọkọ̀ Ideal X láti Newark lọ sí Houston, kí alábàárù má baà máa ru àpò lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Ẹrù kì í mí, kì í làágùn, kì í dáná. Òótọ́ ni pé ní Amsterdam, wọ́n to nǹkan bí 1,000 kọ̀nténà jọ ní ibi tí wọ́n ń pè ní Keetwonen, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì gbé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òtútù ni wọ́n ń sá fún níbẹ̀. Ìwọ, oòrùn oṣù February ni yóò bá ọ nílé.

Mo ti ra ọ̀kan rí. Àgbàdo ni mo kó sínú rẹ̀ kí èkúté má baà rí i jẹ. Èkúté kò wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Àgbàdo náà kò tíì gbẹ tán, ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Lọ́sàn-án, inú rẹ̀ á gbóná bí ààrò; lóru, ọyẹ́ á mú irin, òrùlé á sì máa làágùn láti inú, omi á máa kán tó tó tó sórí àpò títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Oṣù kan kò pé tí gbogbo rẹ̀ fi bu. Èémí ènìyàn àti ooru ọbẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí irin.

Wo ilé alámọ̀ tí wọ́n bí bàbá rẹ sí. Ògiri rẹ̀ nípọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí oòrùn fọwọ́ kan ògiri. Ohun tí kọ̀nténà kò ní nìyẹn, ìwọ ni wàá fún un. Ṣe òrùlé páànù míràn sókè rẹ̀, kí àlàfo tó tó ẹsẹ̀ bàtà 2 wà láàárín kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá, kí o sì jẹ́ kí páànù náà yọ síwájú dáadáa, kí ìyàwó rẹ lè jókòó lábẹ́ rẹ̀ ṣa ẹ̀fọ́. Kọ orí kan kọ̀nténà náà sí ìlà oòrùn, kọ èkejì sí ìwọ̀ oòrùn, kí oòrùn má baà máa na ẹ̀gbẹ́ gbọọrọ. Jẹ́ kí fèrèsé kọjú síra.

Wẹ́dà kò gbọdọ̀ gé fèrèsé láìjó férémù irin mọ́ ọn. Òpó igun mẹ́rin ló ń gbé ẹrù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó rí kọ́lọkọ̀lọ bí páànù ló sì ń mú un dúró ṣinṣin. Mo ti rí èyí tí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ kan kúrò pátápátá nítorí pálọ̀. Òrùlé rẹ̀ tẹ̀ bí bẹ́ẹ̀dì onísípíríǹgì àtijọ́.

Èyí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20 kò fẹ̀ ju 8 lọ. Bí o bá ti fi fóòmù àti pákó bo ògiri nínú nítorí ooru, bóyá 7 ló kù. Gbé bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́sẹ̀ 6 sí i, kí o wá sọ ibi tí wàá gbà kọjá fún mi. Èyí tó ga ní 9 àbọ̀ ni kí o wá, kì í ṣe 8 àbọ̀, nítorí àjà.

Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ rà á, wọ inú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kí wọ́n pa ìlẹ̀kùn dé mọ́ ọ. Bí o bá rí ìmọ́lẹ̀ bí ìràwọ̀, ihò ni. Bi wọ́n léèrè ohun tó ti rù rí. Pákó ilẹ̀ rẹ̀, oògùn kòkòrò ni wọ́n sábà máa ń fi tọ́jú rẹ̀. Ká a kúrò tàbí kí o bò ó dáadáa, pàápàá bí ọmọ tó ń rákò bá wà. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa iná wọ ilé onírin láìrì áàtì mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló ká mi lára jù. Ìṣákọ́lẹ̀ lo ń san. Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n kì í dédé gbin kòkó tàbí obì, nítorí igi tó ń pẹ́ nílẹ̀ jọ ẹ̀rí pé ilẹ̀ ti di tirẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ tó bá rí kọnkéré nínú ilẹ̀ bàbá rẹ̀, kòkó ló rí. Ohun tí mo fẹ́ràn lára kọ̀nténà nìyí: orí òpó búlọ́ọ̀kù ló ń jókòó, kérénì lè gbé e lọ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá yí. Ṣùgbọ́n kànga kò ṣeé gbé, ṣáláńgá kò ṣeé gbé. Nítorí náà, kọ àdéhùn yín sínú ìwé, kí mọ́gàjí ilé náà fọwọ́ sí i, kí baálẹ̀ sì mọ̀. Má gbára lé ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà wá gba owó lọ́wọ́ rẹ nìkan.

Iye tí wọ́n pe kọ̀nténà náà fún ọ ní Àpápá kọ́ ni iye tí yóò fi dé oko. Òfìfo rẹ̀ ju tọ́ọ̀nù 2 lọ, tírélà ló sì ń rù ú. Mo mọ ọ̀nà oko yẹn: ẹ̀ka àràbà tó wà ní ìkóríta ti wálẹ̀ jù, afárá odò kékeré náà kò sì le. Jẹ́ kí ó wá ní January, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Èmi yóò bá baálẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ka igi yẹn lọ́jọ́ Sátidé. Ìwọ, lọ fi okùn wọn afárá náà kí o mú ìwọ̀n rẹ̀ bọ̀ wá.