Ìwé Tí A Ń Kọ Fún Ara Wa

Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 1:1–18



Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àwa obìnrin ìjọ kò mọ àkọsílẹ̀. Owó àjọ wà nínú ìwé. Ẹni tí ó ra ọjà àwìn, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Bí a bá ń dá owó aṣọ ẹgbẹ́, akọ̀wé wa mọ ẹni tí ó ti san án tán àti ẹni tí ó ku ìdajì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń jẹ́ kí a la ojú sílẹ̀ ní aago méjì òru, ibo ni a kọ ọ́ sí?

Ẹ jẹ́ kí a wo Hánà. Ọ̀rọ̀ ká a lára dé ibi pé ètè rẹ̀ nìkan ni ó ń mì, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Àlùfáà Élì sì rò pé ó ti mu ọtí. Ẹ kíyè sí i pé lẹ́yìn tí ó tú ọkàn rẹ̀ jáde, ó lọ jẹun, ojú rẹ̀ kò sì fà ro mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì lóyún. Ìtura ti dé kí ìdáhùn tó dé. Ohun tí a fẹ́ kọ́ lónìí sún mọ́ èyí: kí a máa fi bírò àti ìwé tú ọkàn jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Kì í ṣe àṣà tuntun láàrin àwa Mẹ́tọ́díìsì. Ní 1725 ni John Wesley bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ ní Oxford. Ìwé méjì ni ó ní o! Èyí tí ó tẹ̀ jáde fún aráyé ni a fi mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i ní òpópó Aldersgate ní May 24, 1738. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kọ fún ara rẹ̀, àmì ìkọ̀kọ̀ àti ọ̀rọ̀ gígé ni ó fi kọ ọ́, tí ó fi ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí Nehemiah Curnock tó rí i tú. Susanna ìyá rẹ̀ náà kọ ìwé àṣàrò. Ọmọ 19 ni ó bí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kú ní kékeré. Ní 1705 wọ́n ti ọkọ rẹ̀ mọ́lé nítorí gbèsè. Ní 1709 ilé wọn ní Epworth jóná. Síbẹ̀ ó rí àyè jókòó ti ìwé.

Àwọn onímọ̀ náà ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 1986, James Pennebaker àti Sandra Beall tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Southern Methodist ní Dallas, Amẹ́ríkà (orúkọ náà kò ṣàjèjì sí wa). Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ìṣẹ́jú 15 kọ̀wé lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin, nípa ohun tí ó dùn wọ́n jù láyé. Inú wọn bàjẹ́ díẹ̀ ní kété tí wọ́n kọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n ní àwọn oṣù tí ó tẹ̀lé e, àwọn tí ó kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti bí ó ti rí lára wọn kò lọ sí ilé ìwòsàn tó àwọn tí ó kọ nípa nǹkan yẹpẹrẹ. Ìwádìí mìíràn láti ìgbà náà fi hàn pé èrè rẹ̀ mọ níwọ̀n, kò sì rí bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Kì í ṣe àgbo gbogbonìṣe.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Ohun tí ó ń ba púpọ̀ nínú wa lẹ́rù kì í ṣe ìwé kíkọ, bí kò ṣe ẹni tí yóò kà á. A kò gbàgbé arábìnrin kan tí ó sọ ọ̀ràn ilé rẹ̀ nínú ìpàdé àdúrà wa. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ọ̀rọ̀ ti dé etí ìyá ọkọ rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó tún jókòó láàrin wa. Àwa ni a ṣẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ìwé yìí kì í ṣe ti ìpàdé, kì í sì í ṣe ẹ̀rí tí a ó jẹ́ níwájú ìjọ.

Ìwé ọmọ ilé-ìwé oní-ewé 40 ti tó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú dára, lẹ́yìn tí a bá ti kó abọ́ kúrò nílẹ̀. Kí a kọ ọjọ́ sókè, kí a kọ ohun tí ó wúwo jù ní ọ̀sẹ̀ náà, ohun kan tí ó pa wá lẹ́rìn-ín, àti bí ara ti ṣe: oorun, orí fífọ́, iye tí a bá níbi tí wọ́n ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Lẹ́yìn oṣù méjì, a lè rí i pé orí fífọ́ yẹn kì í ṣàì dé bí owó ilé-ìwé bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu nítorí àmì ohùn. Kì í ṣe ìdánwò. Ìyá tí kò mọ̀wé kọ lè sọ tirẹ̀ sínú fóònù, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe pe ọmọ-ọmọ wá kọ ọ́, nítorí ọmọ náà yóò ròyìn.

Bí ó bá jẹ́ ilé tí wọ́n ti ń lu ni, ẹ má ṣe tọ́jú ìwé náà síbẹ̀, kí ẹ sì tètè sọ fún ẹni tí ó lè gbà yín sílẹ̀. Ìwé kò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹgba. Bí oorun bá sì ti dá fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ẹ bá rí i pé ẹ kọ ọ́ pé ikú yá ju èyí lọ, ẹ wá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Fún ìjíròrò: kí ni Élì ìbá ti ṣe kí ó tó sọ̀rọ̀ sí Hánà? Nígbà wo ni àwa ti ṣe bí Élì?

Ní ìpàdé tí ó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ìwé òfìfo kan wá. A ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, a ó kọ, a ó sì pa ìwé dé. Kò sí ẹni tí a ó ní kí ó dìde kà. Akọ̀wé yóò mú bírò wá fún ẹni tí kò bá ní.