Omi Ni Kí O Lé, Má Wá Ẹran

Kábà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Ọmọ àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní dọ́ńpílìn ẹlẹ́fọ̀ọ́ tí o ń ṣe nílé ń bẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, pé bí o bá bọ̀ ọ́ etí rẹ̀ á ṣí, bí o bá dín in á fa òróró mu, àti pé àwọn tó tọ́ ọ wò ní àìsí ẹran nínú rẹ̀ ló fà á. Èmi kò gbà fún wọn. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ kì í ṣe ẹran tí o kò fi sí i, omi tí o kò yọ kúrò ni. Ẹni tó bá sì mọ ẹ̀fọ́ í rò, tó mọ ẹ̀gúsí í sè, ti mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́, àfi bí kò bá tíì rí i pé iṣẹ́ kan náà ni.

Gbé e yẹ̀ wò báyìí. Bí kábéèjì bá wọn 100 gíráàmù, nǹkan bí 92 nínú rẹ̀ omi ni. Tẹ̀tẹ̀ kò jìnnà sí i. Gbúre burú jù wọ́n lọ, ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ̀ ọ́n sè kì í bu omi sí i rárá. Ẹran tútù náà kò ṣàì ní omi, ó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, ṣùgbọ́n èròjà amúaradàgbà inú ẹran a máa dì nígbà tí iná bá kàn án, yóò sì so ara rẹ̀ mọ́ra, yóò di púpọ̀ nínú omi náà mú. Ẹ̀fọ́ kò ní ohun tí yóò fi di tirẹ̀ mú. Iná kàn án, ó rọ̀, ó tú omi sílẹ̀. Omi yẹn ni yóò máa rin fúláwà láti inú wá, tí ibi tí o fi ìka tẹ̀ pọ̀ yóò fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Tó bá wá jẹ́ nínú òróró ni, ọ̀ràn di méjì, nítorí omi tó bá di ooru a máa gba àyè tó ju tàtẹ̀yìnwá lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,600. Ṣíbí omi kan péré nínú àpò fúláwà tí a pa ẹnu rẹ̀ dé pinpin, níbo lo fẹ́ kó gbà? Yóò já ibi tó fẹ́lẹ́ jù lọ, òróró á sì gba ojú ihò náà wọlé. Àwọn tó tọ́ ọ wò rí òróró náà, wọ́n wá dá ẹran lẹ́bi, ẹran tí kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, bí a ṣe ń ro ẹ̀fọ́ ni kí o ṣe. A ó bọ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a ó fi omi tútù ṣàn án, a ó wá fún un títí yóò fi di ìṣù líle lọ́wọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe fún ọbẹ̀ náà ni kí o ṣe fún dọ́ńpílìn, kí o sì le mọ́ ọn ju ti ọbẹ̀ lọ. Kábéèjì ní tirẹ̀, rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọ́n iyọ̀ sí i, fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kí iyọ̀ fa omi rẹ̀ jáde, kí o wá fi aṣọ mímọ́ fún un. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀gúsí á wọlé, òun gan-an ni mo sì fẹ́ kí o fọkàn sí. Nǹkan bí ìdajì èso ẹ̀gúsí jẹ́ epo, ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ sì jẹ́ amúaradàgbà. Gbogbo ìyá ilé ló ti rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá da ẹ̀gúsí lílọ̀ tí wọ́n fi omi díẹ̀ pò sínú epo gbígbóná: á dì, á di kókó. Ohun tí ẹran lílọ̀ ń ṣe nínú sàmósà ni ẹ̀gúsí ń ṣe yẹn. Ó ń mu omi tó ṣẹ́ kù lára ẹ̀fọ́, ó sì ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ife ẹ̀gúsí lílọ̀ kan sí ife méjì ẹ̀fọ́ tí a ti fún dáadáa kò pọ̀ jù. Wàrà sóyà náà dára, bí o bá fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí omi rẹ̀ kọ́kọ́ ro dànù. Bí o bá ti se àpòpọ̀ náà tán, jẹ́ kó tutù pátápátá kí o tó dì í, nítorí ohun gbígbóná nínú fúláwà tútù á tún bí omi mìíràn.

Wọ́n á ní adùn ẹran ńkọ́? Irú wà. Ní 1908, onímọ̀ ará Japan kan, Kikunae Ikeda, yọ ohun tó ń fún ọbẹ̀ ewé òkun wọn ní adùn jáde, òun ni wọ́n ń tà fún wa títí dòní lórúkọ Ajinomoto. Irú wa, bí ó ṣe ń kan lọ́jọ́ méjì mẹ́ta, ń bí irú adùn kan náà fúnra rẹ̀. Dín in nínú epo pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata rodo kí òórùn rẹ̀ tó le koko lè rọlẹ̀. Má sì jẹ́ kó pọ̀, torí inú àpò tí a pa ẹnu rẹ̀ dé ló wà, kò ní ibi tí òórùn rẹ̀ yóò gbà jáde bíi ti ìkòkò ọbẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní oúnjẹ tálákà ni ohun tí kò ní ẹran nínú. Ẹ̀kuru ńkọ́, ṣé ẹran wà nínú rẹ̀? Kí wọ́n tú mítípáì tí wọ́n ń yìn wò, kí wọ́n ka iye ẹran tó wà láàrin pòtétò àti kárọ́ọ̀tì. Sàmósà pàápàá, ẹran lílọ̀ àti oríṣiríṣi èso ló wà nínú èyí tí arìnrìn-àjò Ibn Battuta bá láàfin ọba ní Delhi ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn. Pòtétò tí wọ́n ń fi sí i ní Íńdíà lónìí, láti Amẹ́ríkà ló ti wá, àwọn Potogí ló gbé e débẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó gba ipò ẹran, kò sì sẹ́ni tó ń pe sàmósà ní oúnjẹ tálákà. Bí o bá sì fẹ́ tà á, rántí pé àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà pọ̀ ní Kábà, pé gbogbo ọjọ́ Ẹtì inú àwẹ̀ Lẹ́ńtì ni wọ́n ń yẹra fún ẹran.

Èyí tó wúwo jù nínú àtakò wọn ni ti fúláwà. Wọ́n ní àlìkámà kì í ṣe ti wa, owó rẹ̀ ń gòkè, kí ló dé tí a kò lo èlùbọ́ tàbí gbágùúdá? Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Àlìkámà ní èròjà kan tó ń nà bíi rọ́bà bí a bá fi omi pò ó, èlùbọ́ kò ní in. Ohun tó mú àmàlà lẹ̀ mọ́ra ni ooru tó se é, lílẹ̀ sì yàtọ̀ sí nínà: tẹ́ àmàlà fẹ́lẹ́ bí ewé, yóò ya. Ìjọba ológun fòfin de kíkó àlìkámà wọlé ní 1987, àgbàdo àti gbágùúdá wọ ilé oníbúrẹ́dì, síbẹ̀ òfin náà kò lò tó ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí ìjọba Ọbásanjọ́ náà fẹ́ kí a fi gbágùúdá sí búrẹ́dì, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló béèrè. Ìwọ̀n tí mo fara mọ́ nìyẹn: ife mẹ́sàn-án fúláwà, ife kan ìyẹ̀fun gbágùúdá. Omi kò gbọ́dọ̀ ju ìdajì ìwọ̀n ìyẹ̀fun lọ púpọ̀. Bí o bá pò ó tán, bò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó sinmi. Bí o bá ń fi ìgò yí i, jẹ́ kí etí fẹ́lẹ́ ju àárín lọ, nítorí etí ni yóò di ìlọ́po méjì bí o bá pa á dé.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù, mi ò sì ní fi bò fún ọ. Bí o bá sọ fún ènìyàn pé kò sí ẹran nínú rẹ̀, kí edé má sí níbẹ̀, kí pańla má sí níbẹ̀, kí o sì ka ara páálí mágì tí o fẹ́ fi sí i, torí òmíràn ní adìẹ nínú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń pe ọbẹ̀ tó kún fún edé ní ẹ̀fọ́ lásán. Ẹni tó kọ ẹran nítorí ìgbàgbọ́ tàbí nítorí àìlera kò ní bá ọ ṣe àwàdà yẹn.

Kí o tó di ìyókù, di ẹyọ kan péré, jù ú sínú omi tó ń hó. Bó bá léfòó, jẹ́ kó ṣe ìṣẹ́jú kan sí i, gbé e sórí àwo, fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Bí omi bá ṣàn sórí àwo, tú èyí tó wà nínú abọ́ padà sínú aṣọ, kí o tún un fún.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.