Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Iná Tí Ó Ti Inú Omi Wá

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a wà ní kíláàsì wa ní Ìlúpéjú. Iná lọ. Kò pẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́tùn-ún lósì, nítorí ilé gbígbé àti ilé iṣẹ́ jọ wà pọ̀ ní àdúgbò wa ni. Èéfín gba ojú fèrèsé wọlé, a sì ń wúkọ́. Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ gbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní:

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti ń rí ohun ìdáná yọ nínú omi. Háídírójìn ni wọ́n pè é. Ṣé òótọ́ ni, àbí wọ́n ń tàn wá?"

Mo ní, "Ìyá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kò sọ gbogbo rẹ̀ fún yín."

Omi tí à ń mu kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Afẹ́fẹ́ méjì ni ó so pọ̀ tí wọ́n fi di omi. Èkíní ni ọ́síjìn, èyí tí à ń mí sínú. Èkejì ni háídírójìn. Kò sí afẹ́fẹ́ mìíràn tí ó fúyẹ́ tó o. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Bí iná bá kàn án, ó ń jó gan-an, ṣùgbọ́n kò ní èéfín. Bí ó bá jó tán, omi ni ó tún ń dà.

Dísẹ́ẹ̀lì àti pẹtiróòlù kò rí bẹ́ẹ̀. Kábọ́ọ̀nù wà nínú wọn. Bí wọ́n bá jó, kábọ́ọ̀nù yìí á di afẹ́fẹ́ tí ń gòkè lọ, á sì bo ayé bí aṣọ ìbora. Ooru ayé á máa pọ̀ sí i. (Afẹ́fẹ́ búburú mìíràn tún wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀, tí kò ní òórùn, tí ó ń pa ènìyàn lójú oorun. Ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tàbí sí ẹnu ilẹ̀kùn láéláé.)

Nísinsin yìí, báwo ni a ṣe ń rí háídírójìn? Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Èyí tí ó pọ̀ jù láyé, inú gáàsì tí à ń wà nínú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Bí wọ́n bá yọ kílò 1, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó bíi kílò 9 tàbí 10 ni yóò jáde. Irú èyí kò mọ́ rárá. Ọ̀nà kejì ni pé kí a rán iná mànàmáná sínú omi, kí omi náà pín sí méjì. Èyí mọ́, bí iná náà bá ti ara oòrùn, atẹ́gùn tàbí odò wá. Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni a fi ṣe é, a kò ṣe nǹkan kan.

Ìyá ní, "Tíṣà, yúnítì mélòó ni yóò jẹ?"

Ìbéèrè ọlọ́jà nìyẹn! Kílò 1 háídírójìn á jẹ tó yúnítì 50, àní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ sọ ọ́ padà di iná mànàmáná, ohun tí yóò padà sí yín lọ́wọ́ kò ní tó ìdajì. Nítorí náà, fún gílóòbù àti fáànù inú ilé, sólà àti bátìrì dára jù ú lọ.

Bàbá kan tí ó jẹ́ awakọ̀ ní, "Kí ló wá wà fún?"

Ó wà fún iṣẹ́ ńlá: bíi yíyọ irin, àti ṣíṣe ajílẹ̀. Kò sí ajílẹ̀ yúríà láìsí háídírójìn. Ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ní Lẹ́kí, èyí tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù kẹta ọdún 2022, lè ṣe tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 3 lọ́dún. Háídírójìn tí wọ́n ń lò níbẹ̀, inú gáàsì ni ó ti wá. Bí a bá fi ti inú omi rọ́pò rẹ̀, àgbàdo wa á hù, kábọ́ọ̀nù á sì dín kù.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ní Glasgow, Ààrẹ Buhari ṣèlérí pé títí ọdún 2060, Nàìjíríà kò ní máa fi kún kábọ́ọ̀nù ayé mọ́. Ní oṣù yẹn kan náà ni ìjọba Jámánì ṣí ọ́fíìsì kan sí Àbújá nítorí háídírójìn, nítorí wọ́n fẹ́ rà á láti òkè òkun.

Bàbá náà ní, "Ẹ̀hẹ́n! Ṣé oòrùn wa ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é lọ fún Jámánì, kí àwa sì jókòó sínú òkùnkùn?"

Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí. Lójú tèmi, iná ilé ni ó yẹ kí oòrùn wa kọ́kọ́ ṣe. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù ni kí a tà, kí a sì tà á ní owó gidi.

Bí a ti ń sọ̀rọ̀ ni iná dé. Àwọn ọmọ pariwo "Ọ́ọ̀pù NÉPÀ!" Ìyá gbé ìwé rẹ̀.

Iṣẹ́ ilé: Bí yúnítì 50 bá ń yọ kílò 1 háídírójìn, yúnítì mélòó ni yóò yọ kílò 6? Ẹ wo rìsíìtì mítà yín, kí ẹ sì ṣírò iye owó rẹ̀.