Àbúrò Mi, Wo Ojú Olóúnjẹ Kí O Tó Jókòó

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìta gbangba.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, mo kó àwọn ọmọ mi mẹ́ta wọ ilé oúnjẹ kan létí títì márosẹ̀ níhìn-ín ní Aradagun, ní agbègbè Badagry. Oòrùn mú, ebi ń pa wá, mo sì ti ṣèlérí fún wọn pé a ò ní dáná lọ́jọ́ náà. Àbíkẹ́yìn mi kò tíì pé ọdún méjì nígbà yẹn. Kí n tó bu òkèlè kejì, ó ti da abọ́ ọbẹ̀ ilá nù sórí tábìlì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń sáré kiri láàárín àga. Obìnrin tó ń bu oúnjẹ pòṣé, ó ní, "Màdáàmù, ẹ di ọmọ yín mú o! Ibí kọ́ ni jẹ́lé-ó-sinmi." Gbogbo ojú yí sí mi. Mo sanwó oúnjẹ tí a kò jẹ tán, mo gbé àbíkẹ́yìn pọ̀n, a bá ẹsẹ̀ wa sọ̀rọ̀. Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, àbí?

Mo bínú sí obìnrin yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbà tí mo dùbúlẹ̀ tán ni mo wá rí ẹ̀bi tèmi. Èmi ni mo kó ọmọ tí ebi ti ń pa lọ síbi tí n kò dé rí, ní wákàtí tí èrò ṣọ́ọ̀ṣì tú dà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo ilé oúnjẹ.

Àwa tí a dàgbà sí ìgbà ilé oúnjẹ Mr Bigg's, tí ilé iṣẹ́ UAC dá sílẹ̀ ní 1986, ohun tí a mọ̀ sí ibi tó gba ọmọdé ni ibi tí áísìkiriìmù wà, tí jangirọ́fà sì wà lẹ́yìnkùlé. Kò burú. Ṣùgbọ́n mo ti dé ibi tí jangirọ́fà wà, tí wọn kò fẹ́ rí ọmọ sójú. Mo sì mọ bùkà onípákó kan tí ọmọ mi máa ń sunkún bí a bá ní ká máa lọ. Olóúnjẹ ni ilé oúnjẹ. Ojú rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò.

Kọ́kọ́ dá lọ

Má kó ọmọ lọ síbi tí ìwọ fúnra rẹ kò tíì jẹun rí. Dá lọ ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, ra ìrẹsì, jókòó, kí o máa wò. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe sí ọmọ ẹlòmíràn? Bí ọmọ olóúnjẹ fúnra rẹ̀ bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà, tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, inú mi máa ń dùn: ibẹ̀ ti mọ ariwo ọmọdé. Bí ìgò bíà bá ti kún tábìlì ní aago méjìlá ọ̀sán, tí gbohùngbohùn sì ń ké, jẹun rẹ tán, kí o máa lọ.

Lẹ́yìn náà, wo títì. Títì Èkó sí Badagry yìí ló lọ dé ibodè Sẹ̀mẹ̀. Tírélà àti ọkọ̀ èrò kì í sinmi lórí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ ibi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ parí sí, ká má tíì sọ ibi tí títì ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tó wà nínú àdúgbò, tàbí lójú ọ̀nà tó lọ sí Iworo, tó ní ọgbà àti géètì, ni mo fẹ́ràn. Bí o bá sì jókòó, ìwọ ni kí o wà láàárín ọmọ àti ẹnu ọ̀nà.

Béèrè ohun mẹ́ta

Èkíní, béèrè omi ìfọwọ́. Ṣé bàsíà kan tí gbogbo ènìyàn ti ń ti ọwọ́ bọ̀ ni wọn yóò fi hàn ọ́, àbí omi tó ń ṣàn, tí ọṣẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Má rò pé àṣejù ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì jà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì pa ènìyàn. Ohun mímu òfíò tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC wà lára ohun tí ìjọba nàka sí. Nítorí náà, n kì í ra ohun mímu inú ọ̀rá tàbí inú ike fún ọmọ mi bí n kò bá mọ ẹni tó ṣe é. A ṣáà wà nílẹ̀ àgbọn! Jẹ́ kí wọ́n bẹ́ ẹnu àgbọn kan níṣojú rẹ, kí o da omi rẹ̀ sínú ife tí o mú láti ilé.

Èkejì, béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí oúnjẹ tó dé. Ọmọdé kì í sọ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun àfi bó bá ti fẹ́ bọ́.

Ẹ̀kẹta ni mo fi ń dán olóúnjẹ wò jù. Sọ fún un pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu ìrẹsì funfun, ẹ má fi ata sí i." Ẹni tó bá ní, "Bí a ṣe ń tà á nìyẹn," ti fún ọ lésì. Ẹni tó bá ní, "Ọmọ ọdún mélòó ni? Ẹ jẹ́ kí n bá a se ẹyin," jókòó tì í.

Ohun tí a ń rà

Ẹyin yẹn gan-an ni oúnjẹ òde tó dára jù fún ọmọ. Kì í pẹ́ jinná, kò ní ata, níṣojú rẹ ni wọ́n sì ti ń bó o. Àwọn ìyá wa àgbà máa ń sọ pé ẹyin ń sọ ọmọdé di olè. Bóyá nítorí ẹyin wọ́n nígbà náà ni. Dòdò dára. Ẹ̀wà aganyin náà dára, bí wọ́n bá bu ẹ̀wà lásán tí wọ́n fi ata dídín sílẹ̀ fún ìwọ ìyá.

Ẹja kò wọ́n wa, àmọ́ fi ọwọ́ ara rẹ yọ egungun ẹ̀pìyà kó tó dé ẹnu ọmọ. Má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní ẹ̀pà odindi tàbí àgbọn líle, ó lè há a lọ́fun. Má sì ra àwo mẹ́ta fún ọmọ mẹ́ta. Ra méjì, kí o tọrọ àwo òfìfo kan.

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni mo máa ń lọ, nígbà tí ìkòkò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, tí èrò kò tíì dé. Mo sì máa ń fún wọn ní ohun kékeré jẹ nílé kí a tó jáde.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sétí omi

Bóyá ibi ìgbafẹ́ Whispering Palms ní Iworo ni, bóyá etí òkun, pè wọ́n lórí fóònù ṣáájú. Béèrè iye owó ẹnu ọ̀nà ọmọdé, àti bóyá wọn yóò jẹ́ kí o gbé oúnjẹ ọmọ wọlé. Níbi tí omi bá wà, àgbàlagbà kan kò gbọdọ̀ jẹun nígbà tí àwọn yòókù ń jẹ. Ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lára ọmọ, kò sì gbọdọ̀ tẹ fóònù. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ń lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Badagry, èyí tí wọ́n parí ní 1845, ẹ jẹun kí ẹ tó wọlé. Ọmọ tí ebi ń pa kò mọ ìtàn.

Apá tìrẹ

Àwa náà ní tiwa láti ṣe, àbúrò mi. Ṣa ìrẹsì tí ọmọ rẹ dà sílẹ̀. Nu tábìlì. Fún ọmọbìnrin tó ń sin yín ní nǹkan. Bí ọmọ bá ń ké tí kò dákẹ́, gbé e jáde, kí àwọn tó kù lè jẹun.

Màmá tó ni bùkà onípákó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, Ègùn ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a débẹ̀, orúkọ ọmọ mi ló kọ́kọ́ béèrè, kó tó béèrè ohun tí a fẹ́ jẹ. Nígbà tí a padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnu ọ̀nà ni a wà tó ti ń pe ọmọ náà lórúkọ. Ọmọ náà da omi nù lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú. Màmá ju àkísà sí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń bu oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Ibi tí wọ́n bá ti rántí orúkọ ọmọ rẹ, ibẹ̀ ni kí o máa náwó rẹ sí.