Ẹ Ka Iye Ìgbà, Ẹ Má Ta Tẹ́tẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ irinṣẹ́ tó ń mọ̀ọ́mọ̀ da kernel Linux láàmú láti fi dán an wò, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó tún ba ẹ̀rọ mìíràn jẹ́.

Bí kernel bá bèèrè mẹ́mọ́rì kékeré, bíi kílóbáìtì 32 sí ìsàlẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìgbà tí kò ní rí i gbà. Yóò máa wá a kiri, kódà bí ó bá gba pé kó pa ètò ẹlòmíràn. Ẹni tó kọ kóòdù ti ṣe ojúṣe rẹ̀: ó ní bí mẹ́mọ́rì kò bá sí, kí a tú gbogbo ohun tí a ti dì, kí a padà sílé. Ìlà yẹn lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá láìṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kò tẹ̀, koríko ní í bò ó. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti bá àgádágodo tí wọ́n tì tí wọn kò ṣí, àti mẹ́mọ́rì tí wọ́n dá padà lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí èyí ni a fi ń mọ̀ọ́mọ̀ ti àbùkù bọ kernel. Akinobu Mita ló gbé ètò iṣẹ́ tí a fi ń ṣe é wọ inú Linux 2.6.20 ní 2007. Failslab ń mú kí ìbéèrè mẹ́mọ́rì kùnà. Fail_make_request ń ṣe ti dísíìkì.

Nígbà tí ọwọ́ mi kò tíì mọ iṣẹ́, nínú àwọn fáìlì ìṣètò failslab, mo kọ 100 sí probability, mo kọ -1 sí times, mo yí ignore-gfp-wait sí N, mo wá gbàgbé task-filter tí ì bá fi ìkùnà mọ sí ètò tí mo yàn. Gbogbo ẹ̀rọ dákú. Mo fẹ́ kọ 0 padà, àṣẹ tí mo tẹ̀ gan-an kò rí mẹ́mọ́rì tí yóò fi ṣiṣẹ́. Bọ́tìnì iná ni mo fi gba ara mi. Láti ọjọ́ náà, inú QEMU, ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ, ni mo ti ń ṣe é. (Ẹ ṣọ́ ignore-gfp-wait yẹn: Y ló máa ń wà. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tó lè dúró dè mẹ́mọ́rì kò ní kùnà rárá, ẹ ó sì rò pé kóòdù yín mọ́.)

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni tẹ́tẹ́ tí ẹ ń ta. Ẹ ní kí ó kùnà ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Kernel wó lóru, ilẹ̀ mọ́, ẹ kò lè mú un wó lẹ́ẹ̀kejì. Kí ni ẹ fẹ́ sọ fún ẹni tó ni kóòdù? Ní 2017 Dmitry Vyukov fi fáìlì fail-nth kún ètò iṣẹ́ náà. Ẹ kọ 1 síbẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ yóò kùnà. Ẹ kọ 2, ó di ti ìkejì. Lẹ́yìn ìpè kọ̀ọ̀kan sí kernel, ẹ ka fáìlì náà. Bí ẹ bá rí 0, àbùkù ti wọlé. Bí nọ́ńbà bá ṣẹ́ kù, ẹ ti dé òpin ọ̀nà.

Bí ẹ bá ń kọ ojú ibi tí àbùkù yóò ti máa wọlé fúnra yín, kí ó má bèèrè mẹ́mọ́rì, kí ó má sì sùn. Ẹ tan KASAN àti kmemleak, àwọn olùṣọ́ mẹ́mọ́rì, pẹ̀lú, nítorí kernel lè fara pa kó má wó.

Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà fail-nth àti fáìlì .config yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sínú ìjábọ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá bèèrè.