Ẹ̀bà lọ, ó gbé ẹ̀fọ́ lọ

Oṣù tó kọjá ni mo yọ ẹ̀bà, àmàlà, ìrẹsì àti búrẹ́dì kúrò nínú oúnjẹ mi. Ẹyin láàárọ̀, ẹran tàbí ẹja lálẹ́, ó parí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, mo ti fi kílò méjì fúyẹ́, inú mi ń dùn. Àfi bí orí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, tí pajápajá ń mú mi lẹ́sẹ̀ lóru, tí mi ò sì rí ìgbẹ́ yà dáadáa mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo kílò méjì yẹn ná. Ara máa ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gíráàmù kọ̀ọ̀kan sì máa ń di omi bíi gíráàmù 3 mú. Bí òkèlè ò bá wọlé mọ́, ara á ná ìpamọ́ yẹn, omi rẹ̀ á bá ìtọ̀ lọ. Omi ló pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń yọ̀ lé lórí, kì í ṣe ọ̀rá. Iyọ̀ náà ń lọ. Ínsúlíìn wà lára ohun tó ń sọ fún kíndìnrín pé kó di iyọ̀ mú. Tí òkèlè bá dín kù, ínsúlíìn á wálẹ̀, kíndìnrín á sì máa da iyọ̀ síta. Ibẹ̀ ni orí fífọ́ àti òòyì ti ń wá. Omi mímu àti ọbẹ̀ ata olómi tó níyọ̀ díẹ̀ ni mo fi yanjú tèmi. (Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín ò gbọdọ̀ wo tèmi ṣe o.)

Ti ìgbẹ́ ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Ẹ̀bà fúnra rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan nínú: gíráàmù 100 ẹ̀gẹ́ tútù, èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ ò tó gíráàmù 2. Kí ni mo wá pàdánù? Ohun tí ẹ̀bà ń bá mi gbé wọnú ni. Àbí ta ló ń fi ṣíbí bu ewédú lásán jẹ? Bí òkèlè ṣe lọ, ilá, ewédú àti tẹ̀tẹ̀ bá a lọ, fáíbà (ìyẹn apá ewé tí kì í dà nínú wa), fólíìtì, pòtásíọ̀mù àti magnísíọ̀mù sì bá wọn lọ.

Ni mo bá yí àwo padà. Ẹ̀fọ́ rírò ni oúnjẹ báyìí, kì í ṣe ọbẹ̀: ewé púpọ̀, ẹ̀gúsí, epo pupa tí ara ń rí fítámì A mú jáde lára rẹ̀, àti ẹja kéékèèké tí mò ń jẹ teegunteegun nítorí kálísíọ̀mù. Ẹyin kan ò ju bíi gíráàmù 6 èròjà amáradàgbà lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó wọn 70 kílò nílò bíi 56 lóòjọ́, ẹyin méjì ò lè gbé e. Mọ́ínmọ́ín kékeré padà wá. Ẹ̀wà ní sítáàṣì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun rere inú rẹ̀ pọ̀. Gúáfà kékeré kan sì ju fítámì C tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, tí ẹ ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìn tàbí lo oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, ẹ má dán an wò kí dókítà tó tún ìwọ̀n oògùn yín ṣe. Bí òkèlè bá dín kù tí oògùn ò dín, ṣúgà lè já wálẹ̀ débi pé ẹ ó máa làágùn, ẹ ó máa gbọ̀n, ẹ tiẹ̀ lè dákú. Aláboyún àti ìyá ọlọ́mú náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Pajápajá tèmi ò padà wá mọ́. Ìgbẹ́ gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó já geere.