Àáké Tí A Yá Lò

Bíbélì Kíkà: II Ọba 6:1-7, Ẹ́kísódù 22:14-15
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Ìṣe Àpósítélì 4:32

Nígbà tí ibùgbé àwọn ọmọ wòlíì há mọ́ wọn, wọ́n lọ sí etí Jọ́dánì láti gé igi ìkọ́lé. Irin àáké yọ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sì rì sínú omi. Ẹ kíyè sí ohun tí ó mú un kígbe: àáké náà kì í ṣe tirẹ̀.

Kò ti ọkùnrin yìí lójú láti yá irinṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ti ọ̀pọ̀ nínú wa lójú. Ẹlòmíràn yóò jẹ gbèsè nítorí ìkómọ ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ó lè ra ìkòkò ńlá, abọ́ àti kúlà tirẹ̀. Lẹ́yìn ìnáwó, ẹrù náà yóò wà lábẹ́ ibùsùn títí ọdún mìíràn, ṣùgbọ́n olówó kò ní sinmi lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn baba wa mọ àáró: wọn a jùmọ̀ ro oko ẹnìkan lónìí, ti ẹlòmíràn lọ́la. Bẹ́ẹ̀ ni a lè ṣe pẹ̀lú ohun èlò. Ní ìlú Berkeley ní Amẹ́ríkà, láti 1979 ni ilé ìkàwé ìlú ti ń yá àwọn ará ìlú ní irinṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń yá wọn ní ìwé. Ayùn kan lè sin ọ̀pọ̀ ilé, nítorí kò sí ẹni tí ń rẹ́ pákó lójoojúmọ́. Ẹgbẹ́ ìyá tí ó bá dáwó ra ìkòkò àti àga fún ìlò gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti ṣe ohun kan náà.

Ìdápadà ni ó máa ń dá ìjà sílẹ̀. Òfin Mósè ti rí i tẹ́lẹ̀ pé ohun yíyá lè bàjẹ́. Bí ó bá bàjẹ́ tí olóhun kò sí níbẹ̀, ẹni tí ó yá a ni yóò san án. Bí olóhun bá wà níbẹ̀, kò ní san án. (Bóyá ìdí nìyí tí àwọn ìyá àgbà kan fi máa ń bá ìkòkò wọn lọ sí ibi ìnáwó!) Bí ó bá sì jẹ́ pé owó ni a fi háyà rẹ̀, owó náà ti kájú òfò. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ yan ẹni tí yóò máa tọ́jú ẹrù, kí ó máa ka iye rẹ̀ nígbà tí ó bá ń jáde àti nígbà tí ó bá wọlé. Kí wọ́n sì gba owó díẹ̀ fún àtúnṣe.

Fún Ìjíròrò: Opó kan yá àga mẹ́wàá fún ìsìnkú ọkọ rẹ̀, méjì sì ṣẹ́. Ta ni yóò tún wọn ṣe? Ẹ fi ẹsẹ 14 àti 15 dáhùn, kí ẹ sì ka ẹsẹ 22 nínú orí kan náà kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀.